Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Sìmbíátù Pè ní Bárékè

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lábẹ́ ẹní Sìmbíátù kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí ó bá ti jí, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sábẹ́ ẹní láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní òwúrọ̀ mìíràn, ohun tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí eku ti jẹ ẹ́ tán.

Ọdún 1978 ni mò ń wí. Abúlé tí Sìmbíátù ń gbé wà létí ọ̀sà, láàrin Ajah àti Awóyáyà, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn tí táyà ọkọ̀ ń rì sí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin fún Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò. Gààrí ni òun ń ṣe. Orí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni ó ti ń rin ẹ̀gẹ́, bí ẹ̀gẹ́ bá sì ti kéré tán lọ́wọ́ rẹ̀, ìka ni páànù máa ń bù jẹ. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kò ní èékánná mọ́. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tí ó wà ní agbègbè wa, Awóyáyà ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ á ti ru ẹ̀gẹ́ kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, á tò títí oòrùn fi máa wọ̀. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnì á kú kí ó tó kàn án, ẹ̀gẹ́ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Làtífátù ni ó mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wá. Obìnrin elépo kan ni, ará Ajah, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà. Ó máa ń yà ra gààrí lọ́wọ́ Sìmbíátù ní ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ náà, ó wo ọwọ́ Sìmbíátù tí wọ́n fi àkísà dì, ó ní,

"Ìwọ Sìmbíátù, ṣé ẹ̀gẹ́ lo ń rin ni àbí ara rẹ? Gààrí tí mò ń jẹ yìí, mi ò mọ iye ìka rẹ tí mo ti jẹ mọ́ ọn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Làtífátù wá ṣàlàyé pé àwọn ṣọ́jà ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan nínú bárékè tí ọkọ òun wà. Tẹ́lẹ̀, ṣọ́jà nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní ọdún yẹn, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún ará ilé ṣọ́jà: ìyàwó rẹ̀, òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá kan náà. Ènìyàn á dá owó fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ á ra irinṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fún un, á máa san án díẹ̀díẹ̀, ṣọ́jà tí ó bá a tan á sì ṣe onídùúró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe gba ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọbìnrin òun. Ó ní ṣebí àbúrò Sìmbíátù wà nínú ṣọ́jà, kí ló dé tí ọmọ ìyá ṣọ́jà fi ń fi ìka rin ẹ̀gẹ́.

Sìmbíátù ní òun á rò ó. Ó ti rò ó tán kí Làtífátù tó gbé epo rẹ̀ rù.

Àbúrò tí à ń wí yìí ni Kàsímù. Bárékè kan náà ni òun náà wà, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń wà fún wọn. Nígbà tí Sìmbíátù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó gba fọ́ọ̀mù lọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀, ó fi orúnkún ṣe tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Sìmbíátù kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ orúkọ Sìmbíátù, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró rárá, ó kọ ọ́ bí omi ṣe ń ṣàn. Sìmbíátù bi í pé kí ni ó kọ síbẹ̀.

"Ràṣídì Odùbánjọ," ni Kàsímù wí.

Sìmbíátù dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa nínú agboolé la mọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ọ rí láti ẹnu Kàsímù fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá pe Kàsímù nínú bárékè yìí, mi ò ní wẹ̀yìn."

Ó wá ka ìyókù fún un. Baálẹ̀ abúlé gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé ọmọ abúlé òun ni ṣọ́jà náà. Bí ìyá tàbí bàbá ṣọ́jà bá sì wà láyé, ó gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọmọ rẹ̀ níwájú akọ̀wé, kí ó sì tẹ ìka. Àwọn kan ti ń mú àlejò wá pé ọmọ ìyá àwọn ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin náà. Bí Kàsímù ṣe ń kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bàbá wọn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn wà láyé. Ó pa fọ́ọ̀mù náà pọ̀, kò sì nà án sí Sìmbíátù lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá tú, wọ́n á kọ́kọ́ ti òun mọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n á lé òun láìfún òun ní kọ́bọ̀. Ó ní bí Sìmbíátù bá sọ pé òun kò fẹ́ mọ́, òun á ya ìwé náà níbẹ̀, kò sì ní sí ìjà kankan láàrin àwọn.

Sìmbíátù wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó ká a mọ́ ìdí ìró.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí orúkọ yìí ṣe jẹ́, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ràṣídì ni àkọ́bí ìyá wọn. Sìmbíátù ni ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Kàsímù. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ràṣídì nìkan ni ó ka ìwé mẹ́fà tán, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 1965, nígbà òjò, ibà gbé e ṣánlẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni ó kú, ó jẹ́ ẹni ogún ọdún. Kí wọ́n tó kírun Alásàrí, wọ́n ti sin ín. Ìyá Ràṣídì ni gbogbo abúlé ti ń pe ìyá wọn títí di ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Sìmbíátù ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bí wa sí, a kì í fi orúkọ òkú ọmọ kí ìyá rẹ̀. Òun náà kò jẹ́ kí orúkọ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọjọ́ ikú ọmọ náà bá yí po, ó máa ń dín mósà fún sàráà, Àfáà á sì dárúkọ Ràṣídì láàrin àwọn òkú. Òun á ṣe àmín. Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ṣọ́jà, ẹni tí ó bá sì ní ìwé mẹ́fà, wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Kàsímù kò ka ju ìwé mẹ́ta lọ. Ó ṣí àpótí ìyá rẹ̀, ó mú ìwé ẹ̀rí Ràṣídì láàrin àwọn aṣọ, ó lọ. A rò pé ó wá iṣẹ́ lébìrà lọ sí Èkó ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé, èmi tí mo mọ̀wé kà nínú agboolé ni wọ́n sì pè láti kà á. Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Ìyá mi, èmi ọmọ yín Ràṣídì ni mo kí yín." Ìyá wọn dìde, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó jókòó sórí ilẹ̀, kì í ṣe orí ẹní. Ìgbà tí a dé ìsàlẹ̀ ìwé ni a tó rí i tí ó kọ pé ojú àpá tí ajá Bàbá Àgbà bù jẹ lẹ́sẹ̀ òun ń dun òun nínú òtútù. Kàsímù ni ajá bù jẹ. Ìgbà náà ni a mọ ẹni tí ó wà láàyè.

Láti ìgbà náà, "ọmọ mi tó wà lójú ogun" ni ó ń pè é, nígbà tí ogun sì parí, ó di "ọmọ mi tó wà ní bárékè". Kò pe Kàsímù mọ́, kò sì pe Ràṣídì. Kò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Sìmbíátù mọ̀ ọ́n. Ó gbà pé ikú ti wá mú ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá fúnra rẹ̀ bá tún lọ pè é mọ́ ẹlòmíràn lórí, bí ẹni ń júwe ilé fún ikú ni.

Ohun tí Sìmbíátù fi pamọ́ sábẹ́ ẹní nìyẹn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Yẹ̀kínì ní kí ó dá ìwé náà padà, pé àwọn ti ń jẹun kí ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ tó wọ ọ̀rọ̀. Ó gbà. Ní ọjọ́ kejì, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń tú ọyún, ẹ̀gẹ́ àpò méjì sì jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bàjẹ́, nítorí kò lè di páànù mú. Ó mú fọ́ọ̀mù, ó lọ sí ilé Baálẹ̀.

Baálẹ̀ Ògúnlànà ń tún àwọ̀n ṣe nígbà tí ó wọlé. Àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni, ó sì mọ ìwé kà díẹ̀. Sìmbíátù kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Baálẹ̀ ní òun mọ àbúrò rẹ̀ dáadáa, Kàsímù ni, ọmọ gidi ni, ọta wọ itan rẹ̀ lójú ogun. Ó ní kí ó mú ìwé wá. Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Sìmbíátù, èmi ni mo ru pákó tí wọ́n tẹ́ lé ọmọ yìí lórí nínú sàréè," ni ó wí. "Pákó mẹ́fà. Ṣé o fẹ́ kí n lọ wú wọn ni?"

Sìmbíátù fi orí kanlẹ̀. Baálẹ̀ fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó padà sí ìdí àwọ̀n rẹ̀, ó di ojú àwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní parọ́ sínú ìwé. Ó ní ohun tí òun lè kọ ni pé ṣọ́jà tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ìwé náà, Odùbánjọ ni ó bí i, Sàídátù ni ìyá rẹ̀, inú abúlé yìí ni wọ́n sì bí i sí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ lọ pè é. Sìmbíátù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Baálẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kí ó dúró ná.

"Lọ́dọọdún ni Àfáà ń dárúkọ ọmọ yẹn láàrin òkú, tí ará Ajah àti ará ibi gbogbo ń ṣe àmín. Ìwé ò lè ní ènìyàn wà láàyè kí ẹnu tún máa tọrọ ọ̀run fún un. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan nínú wọn bá so méjèèjì pọ̀, àbúrò rẹ ti wọ ẹ̀wọ̀n nìyẹn, èmi náà á sì tẹ̀lé e. Bí mo bá kọ̀wé yìí, wọn ò gbọ́dọ̀ pè é nínú sàráà mọ́. Ìwọ kọ́ ni mò ń bi o. Lọ bi ìyá rẹ."

Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí Sìmbíátù padà délé. Ó jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ kan, òun náà ń bó o. Orí ìyẹn ni ó ti sọ gbogbo rẹ̀, láìgbójú sókè, láti orí Làtífátù títí dé orí sàráà. Ìyá rẹ̀ kò dá a dúró. Ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti funfun tán, ó ṣì ń bó o, ó ń bó o, títí ó fi ṣẹ́ kù bí ìka. Ó sọ ọ́ sínú abọ́. Ó dìde, ó wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, ó máa ń jẹ ẹ́ dé ìdajì. Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ní kí ni ẹ̀rọ, kí ni gààrí, tí òun fi lọ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí ká ìyá òun mọ́lé lọ́jọ́ ogbó. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ó pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á ju fọ́ọ̀mù náà sínú iná ààrò.

Ilẹ̀ mọ́, ó ń dáná, ìyá rẹ̀ jáde wá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tú àkísà, ó wo ìka náà pẹ́. Ó tún un dì.

"Ọjọ́ wo la máa lọ?" ni ó bi í.

"Màámi, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Mo ti fi í sílẹ̀."

"Mo ní ọjọ́ wo. Mi ò ṣèlérí pé màá lè pè é o. Mo ní màá lọ."

Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́ pé ìyá ti gbà, ó kọ ìwé náà, ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n sì lọ. Ọkọ̀ Yẹ̀kínì ni ó gbé wọn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kúrò létí omi ni ẹ̀rù kan ṣoṣo ti gba Sìmbíátù lọ́kàn: kí ìyá òun má lọ ṣèèṣì sọ pé Kàsímù. Ẹ̀ẹ̀kan tí ó bá bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn. Ó fẹ́ kọ́ ọ ní ohun tí ó máa wí, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe máa kọ́ ọ láìpe orúkọ náà sí i létí. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà rántí èyí tó wà nínú ìwé." Ìyá rẹ̀ ní òun gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún un sọ. Ìyá rẹ̀ ní òun ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Kàsímù ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, ó ti lọ aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ títí ó fi le gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú iyanrìn, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lórí. Kò pè é ní nǹkan kan.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kò tóbi. Tábìlì kan ni, bẹ́ǹṣì kan, àti akọ̀wé wọn, Sájẹ́ńtì Dúró, ọkùnrin sísanra tí ó fẹ́ràn àwàdà. Sìmbíátù yí ojú sí bẹ́ǹṣì. Làtífátù ni ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ìwé tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sún láti fún wọn láyè. Obìnrin yìí ti jẹ mósà sàráà wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti jókòó níwájú mọ́sáláṣí abúlé wọn, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín sí orúkọ náà.

Sìmbíátù kò lè sọ pé kí wọ́n padà. Kò tún lè jókòó.

Sájẹ́ńtì ka ìwé Baálẹ̀. Ó ní Baálẹ̀ yìí kọ̀wé bí lọ́yà, ó kọ bàbá, ó kọ ìyá, kò wá kọ orúkọ ọmọ. Kàsímù tẹ ojú mọ́ ògiri. Sájẹ́ńtì ní kò burú, ẹnu ìyá ni àwọn fẹ́ gbọ́. Ó yíjú sí ìyá wọn, ó kí i kú ìrìn, ó bi í pé ọmọ mélòó ni ó bí.

"Mẹ́ta," ni ìyá wọn wí.

Sájẹ́ńtì wo fọ́ọ̀mù. "Méjì ló wà níbí, Màmá."

"Ọ̀kan kú."

Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Sìmbíátù sún mọ́ tábìlì. Bí ọkùnrin yìí bá béèrè orúkọ ẹni tí ó kú, orúkọ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù tí ìyá rẹ̀ lè dá, orúkọ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn wọn tí ó ń mí. Ó ń wo gègé Sájẹ́ńtì bí ó ṣe ń lọ. Gègé náà dúró. Kò béèrè.

"Ó dáa. Èyí tó wà láàyè, tó dúró síbí yìí, kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?"

Ìyá wọn la ẹnu díẹ̀, ó tún pa á dé. Sájẹ́ńtì dúró, ó fi gègé kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé rẹ̀ ni? Àbí kò fi nǹkan ránṣẹ́ sílé ni ẹ fi ń bínú sí i? Ẹ sọ fún mi, kí n bá yín tì í mọ́lé."

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Làtífátù náà rẹ́rìn-ín. Sìmbíátù la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù òun padà, pé òun kò ṣe mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ náà mú lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kọ ojú kúrò lára Sájẹ́ńtì, ó kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kì í ṣe síbi tí Kàsímù dúró. Ó pè é bí ẹni tí ó ń pe ọmọ tí ó wà lókèèrè kí ó wá jẹun.

"Ràṣídì."

"Mà," ni Kàsímù dá a lóhùn lẹ́yìn rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ìyá wọn yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Sájẹ́ńtì ní ó tán, ó fa páàdì tàdáwà jáde. Nígbà tí ìyá wọn tẹ ìka, ìka náà fà gbọọrọ lórí ìwé. Sájẹ́ńtì ní láti bá a di ọwọ́ mú, kí ó tún un tẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀.

Làtífátù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìyá wọn, ó wo Kàsímù, ó wá tẹ orí ba, ó ń tún ìdí ọ̀já rẹ̀ so bí ẹni pé ó tú. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó ní, "Ẹ kú wàhálà o, Ìyá Sìmbíátù."

Wọ́n ti rìn jìnnà lórí omi kí ìyá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

"Ó dáhùn," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kíá ló dáhùn. Ràṣídì kì í dáhùn ní ìpè kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pè é, kódà bí ó bá jókòó tì mí." Ó ki ọwọ́ bọ omi. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè é lónìí. Mo mọ̀ pé òun kọ́."

Sìmbíátù kò mọ̀ bóyá ìtùnú ni ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá òun tàbí ọgbẹ́.

Oṣù mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, wọn kò sùn dáadáa nínú ilé náà. Bí ṣọ́jà kan bá gba ọ̀nà iyanrìn wa kọjá, ìyá wọn á dìde dúró, kò ní jókòó àfi bí ẹni náà bá ti kọjá ilé wọn láìyà. Bí Sìmbíátù bá lọ san owó ẹgbẹ́, kì í kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù sí ni ó máa ń lọ, kí ó fi ojú rí àbúrò rẹ̀ ná. Ó máa ń rí i. Ó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó máa ń yọ, Sìmbíátù á sì dúró títí ẹsẹ̀ náà fi máa mira.

Oṣù kẹrin ọdún 1979 ni ẹ̀rọ dé, ọkọ̀ Yẹ̀kínì ni ó gbé e wá. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn obìnrin abúlé mẹ́ta ti ń ru ẹ̀gẹ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé Sìmbíátù. Ìka rẹ̀ jinná.

Nígbà tí ọjọ́ ikú Ràṣídì yí po, Àfáà wá béèrè orúkọ àwọn òkú gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ìyá wọn ní kí ó má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ó ṣáà ṣe àdúà fún gbogbo òkú ilé. Àfáà wò ó, ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n ìyá wọn dín mósà. Ó dín in ju ti ọdún gbogbo lọ, agbọ̀n méjì, ó gbé e síwájú ilé, ó ń pín in fún ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀.

Làtífátù dé lọ́sàn-án. Kò tíì wá láti ọjọ́ bárékè. Sìmbíátù pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ó rí i, ibi gbogbo sì dákẹ́ rọ́rọ́. Làtífátù kí wọn, ó jókòó, ó mú mósà kan, ó fi í sẹ́nu.

"Ta lẹ ṣe é fún lọ́dún yìí, Ìyá?"

"Gbogbo òkú ilé wa ni," ni ìyá wọn wí, kò gbójú kúrò lára agbọ̀n.

Làtífátù jẹ èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà ṣe ilé fún wọn. Ó nu ọwọ́, ó ní kí Sìmbíátù wọn gààrí fún òun, kóńgò mẹ́wàá. Sìmbíátù wọ̀n ọ́n. Ó ń dà á sínú àpò, ó ń dà á, ó wọn méjìlá. Làtífátù ń bá a kà á. Ó mú kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu méjì padà.

"Ta ló ní o jẹ mí ní nǹkan?" ni ó wí, kò sì gbé ohùn sókè.

Ó sanwó, ó gbé àpò rù, ó lọ. Sìmbíátù dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wò ó lọ. Kò tan ẹ́ńjìnì náà padà títí Làtífátù fi kọjá ẹnu mọ́sáláṣí láìdúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.